"Ìṣirò àpamọ̀" ni mo pè é, kì í ṣe "ìṣòro ọ̀rọ̀"

Ta ló kọ́kọ́ pe ìṣirò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wé ní "ìṣòro ọ̀rọ̀"? Ọmọ kan tó ń wá sí lẹ́sìn mi ní Òkè-Àdó rí i nínú ìwé kan, ó délé, ó ní ìṣòro ọ̀rọ̀ ló ń da òun láàmú. Nígbà tó dalẹ́, ìyá rẹ̀ pè mí: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ mi ti ń kólòlò ni?" Ìyá náà ò jẹ̀bi. Létí ẹni tó gbọ́ Yorùbá, ẹni tí ọ̀rọ̀ ń há lẹ́nu ló ní ìṣòro ọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Apẹ̀tẹ̀ ní ká máa pè é ní "ìṣirò ọlọ́rọ̀". Mo ní kó kọ ọ́ sójú pátákó kó wo bí àwọn ọmọ yóò ṣe rò pé ìṣirò àwọn olówó ló fẹ́ kọ́ wọn. Ó ní àmì ohùn yóò tú u. Àmì wo? Etí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ya ọlọ́rọ̀ yìí kúrò lára ọlọ́rọ̀ tó kọ́lé sí Bódìjà. Àwọn tó ń pè é ní "wọ́ọ̀dù pọ́rọ́bùlẹ́ẹ̀mù" ńkọ́? Èmi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà, bíró ni mo fi ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n èyí gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́, kò sì sọ nǹkan kan fọ́mọ.

Inú àlọ́ àpamọ̀ ni mo ti mú tèmi. "Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́." Ẹni tó bá gbọ́ ọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá obì kiri ti kùnà, ahọ́n ni. Ọ̀rẹ́ mi tún yarí: ó ní ìdáhùn àlọ́ ti wà nílẹ̀ látayé àwọn bàbá wa, a kàn há a sórí ni, a kì í ṣírò ó. Mo gbà. Ìpamọ́ ni mo yá, n kò yá ìdáhùn. Ohun tí ìṣirò yìí pa mọ́ ni iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe: ṣé àròpọ̀ ni, àbí àyọkúrò?

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ̀yin àti ẹnì kan wọ Micra, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ká ní ₦300 lowó ọkọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin san ₦500, ẹnì kejì san ₦1,000. Dírẹ́bà na ₦900 sí i yín, ó ní "ẹ jọ pín in," ó sì ti lọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ yọ kinní kan kúrò, síbẹ̀ ẹ mọ̀ pé ₦200 ni tiyín. Ìṣirò àpamọ̀ lẹ ṣe yẹn. (Ti ọjọ́ orí, ti ọ̀nà jíjìn, ti èrè ọjà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú tèmi.)

Àwa olùkọ́ la bà á jẹ́. A kọ́ wọn pé "lápapọ̀" àti "jù" ni kí wọ́n rò pọ̀, "ṣẹ́kù" ni kí wọ́n yọ kúrò. Mo wá kọ ọ́ sójú pátákó: Bísí ní ọsàn 7. Ó fi 3 ju Kúnlé lọ. Mélòó ni Kúnlé ní? Ìdajì kíláàsì kọ 10. Wọ́n ti rí "jù", wọ́n ti ń wá obì kiri.

George Pólya, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí sí Hungary, ti là á sílẹ̀ ní 1945: ìgbésẹ̀ mẹ́rin, kí ọ̀rọ̀ yé èèyàn ló ṣáájú, ìpele kẹta ni ìṣirò gan-an. Torí náà mo ní kí wọ́n dé bíró wọn, kí wọ́n sọ ìtàn náà fún mi láìdárúkọ nọ́ńbà kankan. Ta lọsàn rẹ̀ pọ̀ jù? "Bísí." Ṣé ti Kúnlé lè wá jẹ́ 10? Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọkùnrin kan níwájú pa 10 rẹ́, ó kọ 4, ó wá ń kùn pé kí ló dé tí wọn ò kúkú sọ pé ká yọ 3 kúrò.

Mo ní bí wọ́n bá ti sọ ọ́, kí ló tún kù tí wọ́n pa mọ́?