Òkúta Ìrántí Ogun ní Àwọn Ìletò Ilẹ̀ Pápá Kánádà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Winnipeg, Regina, Saskatoon àti Calgary ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń wakọ̀ kọjá láàárín àwọn ìletò kéékèèké tó wà káàkiri ìpínlẹ̀ Manitoba, Saskatchewan àti Alberta. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ìletò tí kò ní ilé ìtajà mọ́, tí wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pa, ṣì ní òkúta gíga kan tàbí ère sójà kan tó dúró láàárín ìlú, tí wọ́n gé koríko àyíká rẹ̀ dáadáa, tí orúkọ àwọn tó kú lógun sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi gbé òkúta náà kalẹ̀ lè kà á sí ọ̀ṣọ́ ìlú lásán. Èrò tèmi, tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, ni pé ibojì ni àwọn tó gbé e kalẹ̀ kà á sí.

Báwo ni ìletò tí kò ní ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ ṣe ní ogún orúkọ lára òkúta rẹ̀?

Ìletò náà kò kéré báyìí nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba Kánádà ṣe ní ọdún 1872 fún ẹni tó bá ṣe tán láti dáko ní ilẹ̀ 160 éékà, owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì ju dọ́là mẹ́wàá lọ. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ bíi Cree àti Blackfoot ni wọ́n ń gbé orí rẹ̀ kí ìjọba tó kó wọn sí ààlà tó há. Nígbà tí ojú irin dé, ogunlọ́gọ̀ àwọn àjèjì ya wọ pápá náà láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ukraine, Jámánì àti Amẹ́ríkà. Àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè dá ibùdó sílẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 12 sí 16 síra wọn, nítorí pé àgbẹ̀ tó fi ẹṣin fa ọkọ̀ àlìkámà gbọ́dọ̀ lè lọ kó sì padà sílé láàárín ọjọ́ kan. Nídìí ibùdó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ́ ilé gíga onígi tí wọ́n ń kó ọkà pamọ́ sí, tí ilé ìtajà, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì sì tẹ̀ lé e.

Iye ènìyàn tó ń gbé ní Saskatchewan jẹ́ 492,432 ní ọdún 1911. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó ti di 921,785. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dá àti ìṣubú ọrọ̀ ajé tí wọ́n rí láàárín ọdún 1930 sí 1939 lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò lóko, mọ́tò àti katakata sì sọ oko ńlá di ohun tí ìwọ̀nba ènìyàn lè ṣe, débi pé iye náà ti já wá sí 831,728 ní ọdún 1951. Nígbà tí ìjọba fòpin sí owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń san lórí kíkó ọkà nínú ọkọ̀ ojú irin ní ọdún 1995, àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè hú ọ̀pọ̀ ojú irin ẹ̀ka kúrò nílẹ̀, ìletò tó sì gbára lé wọn kò rí ọ̀nà àbáyọ mọ́. Nítorí náà, orúkọ tí ẹ ń rí lára òkúta jẹ́ ti gbogbo agbègbè oko tó yí ìletò náà ká, ní àkókò tí agbègbè ọ̀hún kún fún àwọn géńdé ọkùnrin.

Ṣé abẹ́ òkúta náà ni wọ́n sin wọ́n sí?

Rárá. Kò sí òkú kankan níbẹ̀. Nǹkan bí 620,000 ènìyàn ni Kánádà gbà sínú iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn tó sì kú nínú wọn lé ní 60,000. Ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù ni èyí tó pọ̀ jù lára wọn sùn sí. Ọ̀pọ̀ ni wọn kò tilẹ̀ rí òkú wọn rárá: orúkọ 11,285 ni wọ́n kọ sára ibi ìrántí ńlá tó wà ní Vimy, ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1936, gbogbo wọn ló sì jẹ́ ọmọ-ogun Kánádà tó kú ní ilẹ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibojì wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó sọnù ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí wọ́n sún mọ́ 7,000, wà lára ẹnu ibodè Menin ní ìlú Ypres.

Kí ló dé tí ìdílé wọn kò gbé òkú ọmọ wọn wálé?

Òfin ni kò jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, àwọn ìdílé olówó díẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ọ̀nà gbé òkú ọmọ wọn wálé. Èyí tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù ni ti ọmọ ọmọ Gladstone, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni tí wọ́n pa ní oṣù Kẹrin ọdún 1915, tí wọ́n sì fi àṣẹ ọba gbé òkú rẹ̀ padà. Fabian Ware, tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ ibojì àwọn ọmọ-ogun nígbà náà, rí i pé kò bójú mu kí ọmọ olówó sùn sílé kí ọmọ tálákà sì sùn sókè òkun, wọ́n sì fòfin de gbígbé òkú padà ní ọdún náà. Nígbà tí wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó ibojì ogun sílẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1917, ìpinnu náà dúró, wọ́n sì fi òmíràn kún un: òkúta orí ibojì ọ̀gá àti ti kúrúùtù yóò jẹ́ bákan náà. Kánádà fara mọ́ ọn.

Ìpinnu yìí ní ìdájọ́ òdodo nínú, ṣùgbọ́n ó wúwo fún àwọn tó wà lóko. Ẹ wo bó ṣe rí: ní ìhà gúúsù ààlà, ní North Dakota àti Montana, níbi tí pápá kan náà ti ń bá a lọ, ìjọba Amẹ́ríkà jẹ́ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan yan ohun tó wù ú, nǹkan bí 46,000 òkú ni wọ́n sì kó padà wálé lẹ́yìn ogun. Ìyá kan lè wà ní Saskatchewan tí kò ní rí sàréè ọmọ rẹ̀ láyé, nígbà tí ẹni tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí tirẹ̀, lódì kejì ààlà, ń gbin òdòdó sórí ti ọmọ tirẹ̀. Owó ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ tó ń jẹ gbèsè ilé ìfowópamọ́ lè san.

Nílẹ̀ wa, bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀ tí òkú rẹ̀ kò sì ṣeé gbé, àwọn ará ilé a máa ní kí wọ́n gé irun àti èékánná rẹ̀ wá, kí wọ́n lè rí nǹkan sin, kí ọmọ àti ìyàwó sì ní ibi tí wọ́n lè tọ́ka sí. Àwọn ìyá ilẹ̀ pápá kò rí irun, wọn kò sì rí èékánná. Ohun tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni tẹligíráàmù tàbí lẹ́tà ìjọba, àti àgbélébùú fàdákà kékeré tí ìjọba Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìyá àti opó olóògbé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1919. Orúkọ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta láàárín ìlú ni wọ́n ń gbé òdòdó lọ bá, òun ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ibojì ni.

Ta ló sanwó rẹ̀?

Àwọn ará agbègbè fúnra wọn ni. Ìjọba àpapọ̀ kò fún ìletò ní owó òkúta. Ohun tí ó pín fún ọ̀pọ̀ ìlú ni ìbọn ńlá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì tún yọ́ fún irin nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù: wọ́n ń se oúnjẹ tà, wọ́n ń ṣètò ijó alẹ́, wọ́n sì ń lọ láti oko dé oko láti gba ìdáwó. Láwọn ibòmíràn, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé àwọn kan fẹ́ kí owó náà lọ sórí ohun tí alààyè lè lò, bíi gbọ̀ngàn ìpàdé tàbí ilé ìwòsàn, àwọn mìíràn sì ní ohun tí ènìyàn ń lò kì í pẹ́ di ohun tí wọ́n gbàgbé ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ogun kejì, àwọn tó fẹ́ ohun tí alààyè lè lò ló sábà ń borí, ìdí nìyẹn tí gbọ̀ngàn àti pápá yìnyín fún eré họ́kì ní ọ̀pọ̀ ìlú pápá fi ń jẹ́ orúkọ ìrántí.

Kí ló fà á tí orúkọ ẹnì kan fi lè wà ní ìlú méjì, tí ti ẹlòmíràn kò sì sí níbì kankan?

Ìgbìmọ̀ ìletò ló ń kó orúkọ jọ, ohun tí aládùúgbò bá sì sọ ni wọ́n ń kọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dún 1914 ti rìn káàkiri. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú ikọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá sí òkè òkun ni wọ́n bí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òbí wọn sì ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ alágbàṣe ní oko kan, tó gba ilẹ̀ tirẹ̀ ní agbègbè mìíràn, tó sì wọṣẹ́ ológun ní ìlú kẹta, lè ní ọ̀rẹ́ tó rántí rẹ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè má ní ẹnì kankan.

Àpẹẹrẹ irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ni Robert Combe, tí wọ́n bí ní Aberdeen ní Skọ́tíláǹdì, tó sì ń ta oògùn ní ìlú kékeré Melville ní Saskatchewan. Wọ́n pa á lójú ogun nítòsí Acheville ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 1917, wọ́n sì fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù lọ fún àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ibojì rẹ̀ sọnù, orúkọ rẹ̀ sì wà ní Vimy. Adágún omi kan ní àríwá Saskatchewan ń jẹ́ Combe títí di òní, nítorí pé ìpínlẹ̀ náà àti Manitoba ní àṣà kan tí mo kà sí ọ̀kan nínú èyí tó lẹ́wà jù: wọ́n ń fi orúkọ àwọn tó kú lógun sọ adágún, erékùṣù àti òkè. Àwọn ibi tí Manitoba nìkan ti sọ lórúkọ báyìí lé ní 4,000. Ẹni tí ìletò rẹ̀ pa rẹ́ ṣì ní orúkọ nínú àwòrán ilẹ̀.

Ṣé gbogbo ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún bákan náà?

Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí á sọ ọ́. Ìjọba fi 8,579 ènìyàn sí àgọ́ ìhámọ́ láàárín ọdún 1914 sí 1920, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ará Ukraine tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé ilẹ̀ tí wọ́n ti wá wà lábẹ́ ọba Austria. Ní Winnipeg, Emanuel Hahn borí nínú ìdíje àwòrán òkúta ìrántí ìlú náà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí pé Jámánì ni wọ́n bí i sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti kékeré ló ti wà ní Kánádà. Nígbà tí wọ́n tún ìdíje náà ṣe, Elizabeth Wyn Wood ló borí. Wọ́n kọ òun náà, nítorí pé ìyàwó Hahn ni. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ṣí ní ọdún 1928. Ní ti àwọn ọmọ onílẹ̀, ó lé ní 4,000 nínú wọn tó jà nínú ogun kìíní, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, ìjọba mú lára ilẹ̀ tó kù fún wọn ní pápá náà, ó sì pín in fún àwọn sójà mìíràn. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ya ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ tó jagun, Winnipeg ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn sójà tiwa?

Ó kàn wọ́n gan-an, nítorí pé àjọ ibojì ogun tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè náà ló ń bójú tó ibojì wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jà ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà nínú ogun kìíní, wọ́n sì lọ sí Burma nínú ìkejì. Àjọ tó ṣe ìlérí pé ọ̀gá àti kúrúùtù yóò dọ́gba kò mú ìlérí náà ṣẹ fún wọn: nínú ìròyìn tí àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ó jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, 116,000 ènìyàn tó kú nínú ogun kìíní, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá láti Ìlà Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni kò ní orúkọ lára òkúta kankan, àjọ náà sì tọrọ àforíjì. Inú mi kì í dùn bí mo bá rò ó pé ìletò àlìkámà kan lè ka orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ru ẹrù ogun nínú igbó Áfíríkà kò sì ní ẹyọ lẹ́tà kan tó dúró fún wọn.

Ta ló ń tọ́jú òkúta náà nígbà tí ìletò bá ti tú?

Bí ìletò bá ti kéré jù láti ṣàkóso ara rẹ̀, ó máa ń dara pọ̀ mọ́ ìjọba agbègbè oko tó yí i ká, ìtọ́jú òkúta á sì bọ́ sọ́wọ́ wọn, tàbí sọ́wọ́ ẹ̀ka Royal Canadian Legion tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Winnipeg ní ọdún 1925. Nígbà mìíràn, wọ́n á gbé òkúta lọ sí ìlú tó kù.

Láti ọdún 1931 ni òfin ti fi ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá ṣe ọjọ́ ìrántí. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, nínú òtútù, wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á sì ka orúkọ. Àwọn tó ti ṣí lọ sí ìlú ńlá a máa wakọ̀ padà wá fún un. Àlejò kò nílò ìwé ìpè. Kí ó wọ aṣọ tó nípọn, kí ó fi òdòdó pupa tí ẹgbẹ́ Legion ń pín gba ìdáwó sí àyà rẹ̀ lápá òsì, kí ó sì dúró pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i nípa orúkọ kan tó kà níbẹ̀ lè wá a nínú àkọsílẹ̀ ìjọba Kánádà tí wọ́n ń pè ní Canadian Virtual War Memorial lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí orúkọ tó lé ní 118,000 wà pẹ̀lú ibi tí wọ́n sin olúkúlùkù sí tàbí ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí àwọn ará ilé sì ń fi àwòrán àti lẹ́tà kún un lọ́fẹ̀ẹ́.