Ẹ Pè É ní Ìwábo

Ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú lọ́sẹ̀ yìí kéré lójú, àmọ́ ó ká mi lára. Ẹnìkan ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dọdẹ àgbọ̀nrín ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ó débi ohun tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń pè ní rut, ìyẹn ìgbà tí akọ àgbọ̀nrín ń lé abo kiri láti gùn, ó sì kọ ọ́ báyìí: “rọ́ọ̀tì”. Kò túmọ̀ rẹ̀. Ó kàn fi àmì ohùn dé e lórí bí ẹni dé fìlà fún àlejò, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló ní òtútù ló máa ń mú “rọ́ọ̀tì” bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àṣìṣe àkọ́kọ́ ló bí èkejì. Ká ní ó jókòó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni, ìtumọ̀ náà fúnra rẹ̀ ì bá ti bá a wí.

Òun nìkan kọ́ ni mo ń bá jà. Àwọn kan ń pè é ní “àkókò ìgbéyàwó àgbọ̀nrín”. Ta ni alárinà? Ta ló gba ìdáná? Akọ yìí máa wà pẹ̀lú abo kan fún ọjọ́ kan tàbí méjì, á kọjá sọ́dọ̀ òmíràn, kò sì ní mọ ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí. “Ìgbà ìfẹ́kùúfẹ̀ẹ́” ni ti àwọn oníwàásù, bí ẹni pé ẹranko ń dẹ́ṣẹ̀. Èyí tó ní láárí jù nínú gbogbo wọn ni “ìgùn”, torí gbogbo wa la mọ̀ pé àkùkọ ń gun àgbébọ̀, òbúkọ ń gun ewúrẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó mú un wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣẹ́jú, gígùn ti parí; ohun tí ọdẹ ń sọ sì ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Kí ló kan ọdẹ nínú gígùn? Ìrìn tó ṣáájú rẹ̀ ló kàn án. Akọ arúgbó tó ti fi gbogbo oṣù kẹwàá sá pamọ́, tó jẹ́ òru nìkan ló fi ń jẹun, á ṣàdédé jáde lọ́sàn-án gangan, á fi imú balẹ̀, á máa ti ọ̀dọ̀ agbo abo kan bọ́ sí òmíràn. Wíwá ló ń wá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní ìwábo. Akọ ń wábo. Ìgbà ìwábo dé. Ìwábo ti parí. Ọ̀rọ̀ náà kò le lẹ́nu, ó sì sọ ohun tí ojú rí. Ẹni tó bá ti rí òbúkọ tó tẹ̀ lé ewúrẹ́ káàkiri àdúgbò, tó gbóòórùn ìtọ̀ rẹ̀, tó wá gbórí sókè, tó ká ètè òkè bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ti rí ìwábo. Akọ àgbọ̀nrín yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Òun náà a máa tọ̀ sí oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ara rẹ̀ títí yóò fi máa rùn.

Ọ̀gbẹ́ni kan dá mi lóhùn pé abo náà ń ṣe tirẹ̀, kí ló dé tí orúkọ fi gbè sẹ́yìn akọ? Ìgbà tí abo ń gbà fún akọ ń wá, ó ń lọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀. Bí kò bá sì lóyún, á tún padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ wá orúkọ mìíràn fún ìyẹn, n kò ní jà sí i. Àwọn ọdẹ kò fi rut pe ti abo.

Ẹranko tí mò ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní mule deer, torí etí rẹ̀ tóbi bíi ti ìbaaka. Àgbọ̀nrín elétí-ìbaaka ni tèmi. Ìwo ni màá máa pe ohun tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn pé ohun tó ń já bọ́ lọ́dọọdún, tó sì tún ń hù, kì í ṣe ìwo, kó dúró dìgbà mìíràn. Bákan náà ni mò ń sọ pé òjò dídì, bí Bíbélì àtijọ́ ṣe sọ ọ́. Lójú tèmi, yìnyín ni èyí tó ń dún gbàgà lórí páánù.

Ó ku ọ̀rọ̀ òtútù. Ẹ wo ọjà ọrún. Ọjọ́ ọjà kò gbàṣẹ lọ́wọ́ òjò. Wọ́n ti kà á, ó ti pé. Bí òjò ń rọ̀, bí oòrùn ń ràn, ọjọ́ ọjà ni. Ṣùgbọ́n òjò àti oòrùn ló máa sọ ìgbà tí ẹ máa rí àwọn alájàpá lójú ọ̀nà. Bí oòrùn yóò bá mú, àkùkọ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti gbéra. Ẹni tó bá jáde ní agogo mẹ́sàn-án, ipa ẹsẹ̀ wọn nínú iyanrìn ló máa bá. Bí òjò bá há wọn mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ló máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá dá. Bí odò bá sì kún bo àwọn ọ̀nà yòókù, orí afárá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn máa gbà. Ẹni tó rí èrò lórí afárá, tó wá ní odò kíkún ló dá ọjọ́ ọjà, àgbọ̀nrín èṣí ló ń jẹ lọ́bẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ló ń ka ọjọ́ ọjà fún àgbọ̀nrín. Ní àyíká Denver, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ojúmọmọ ń gùn tó nǹkan bíi wákàtí 15 ní oṣù kẹfà. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń parí lọ, kò ju nǹkan bíi wákàtí 9 ààbọ̀ mọ́. Bí òru ṣe ń gùn ni ara ẹranko náà ń mọ̀ ọ́n, ọrùn akọ á wú, kò ní ráyè oúnjẹ mọ́. Oyún wọn ń gbé nǹkan bí ọjọ́ 200. Ẹ kà á láti ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, oṣù kẹfà lẹ máa bá ara yín, nígbà tí koríko tútù yọ̀yọ̀, tí ìyá á sì rí wàrà. Abo tó bá jẹ́ kí òtútù ọdún kan yí ọjọ́ òun padà, inú ebi ni yóò bímọ sí, ọmọ náà kò sì ní dàgbà débi tí yóò bí ọmọ tirẹ̀. Ní aṣálẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà àti ti Sonora ní Mẹ́síkò, níbi tí òjò àárín ọdún ti ń mú koríko hù, oṣù kejìlá sí oṣù kìíní ni ìwábo bọ́ sí, kí wọ́n lè bímọ sínú òjò náà. Ní ti ìpínlẹ̀ Colorado àti Wyoming, láàárín oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni, yálà òtútù tètè dé tàbí ó pẹ́.

Kí wá ni iṣẹ́ ojú ọjọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ti ń san owó ara rẹ̀. Nígbà ìwábo, akọ kì í tẹ̀ lé koríko mọ́, abo ló ń tẹ̀ lé. Abo ní tirẹ̀ kò yé jẹun. Koríko àti òjò dídì ló ń sọ ibi tí yóò dúró. Ojú ọjọ́ ń darí abo, abo ń darí akọ. Ọdẹ tó bá ń wá akọ, agbo abo ni kó wá, kó jókòó sí ọ̀ọ́kán, kó gbé awò dání, kó sì ní sùúrù. “Rọ́ọ̀tì” kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìyẹn. Abo wà nínú ìwábo, ó sì ń fọwọ́ júwe ọ̀nà.

Tí òjò dídì lórí òkè bá ti tó orókún ènìyàn, ìrìn á nira, koríko á sin, abo á sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń lo ìgbà òtútù, láàárín àwọn igi sagebrush, igi kúkúrú tí ewé rẹ̀ korò. Ní Wyoming, àwọn kan ń rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 240 láàárín agbègbè Hoback àti aṣálẹ̀ Red Desert. Bí ìjì ńlá bá ń jà, gbogbo wọn á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn òkè tí afẹ́fẹ́ kò dé. Àárọ̀ tí ìjì bá dá ni kí ọdẹ má sùn: abo á jáde wá jẹun níbi tí oòrùn ń kọjú sí, ara wọn á hàn lórí funfun, akọ á sì wà láàárín wọn. Bí òjò dídì ọ̀hún bá yọ́ díẹ̀ tó tún dì padà, á máa ró wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀ lábẹ́ bàtà, gbogbo etí ìbaaka tó wà níbẹ̀ á sì gbọ́ ọ.

Ooru ló ń tan ọ̀pọ̀ ọdẹ jẹ. Ní oṣù kọkànlá, àgbọ̀nrín ti wọ aṣọ òtútù, irun rẹ̀ nípọn. Bí oòrùn bá mú lójijì, akọ á fi ọ̀sán sùn níbi òjìji, á fi òru wábo. Ọdẹ á délé, á ní ìwábo kò tíì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló jáde ní agogo mẹ́sàn-án.

Ìjọba Colorado kò sí nínú ìjiyàn wa yìí, ṣùgbọ́n ó jọ pé ti èmi ni wọ́n ń gbè. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké fún ìwé àṣẹ àgbọ̀nrín jákèjádò ìpínlẹ̀ náà, èyí tó bọ́ sí àárín oṣù kọkànlá sì ṣọ̀wọ́n, torí akọ tó ń wábo kì í ṣọ́ra. Wọn kò dúró wo òtútù kí wọ́n tó dá ọjọ́ rẹ̀. Òtútù kan náà tó ń sọ àgbọ̀nrín kalẹ̀ fún ọdẹ a sì máa pa wọ́n: ti ọdún 2022 sí 2023 pa púpọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Wyoming, ìjọba sì gé ìwé àṣẹ kù.

Lẹ́yìn ìwábo, ọ̀rọ̀ mi kò wúlò fún ọdẹ mọ́, mo gbà. Akọ ti gbẹ, ó lè ti sọ ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ nù, àwọn akọ tí kò lágbára tó o ló sì ń lé àwọn abo díẹ̀ tí ìgbà tiwọn tún padà wá ní oṣù kejìlá. Òun fúnra rẹ̀ wà lóun nìkan nínú sagebrush, òjò dídì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò yọ́, ó ń jẹ ewé kíkorò. Ọdẹ tó ń wá agbo abo kiri yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.