Bí ìdílé ayàwòrán kan ní Berlin ṣe dé orí bàbà

Ọdún 1743 ni Daniel Chodowiecki kúrò ní Danzig, ìlú tí wọ́n ń pè ní Gdańsk lónìí ní Pólándì, tó gba Berlin lọ. Ìyá rẹ̀ wà nílé. Nígbà tó di 1771, ó ya ìyàwó rẹ̀, Jeanne, àtàwọn ọmọ wọn bí wọ́n ṣe pagbo yí tábìlì ká, àwòrán kún ara ògiri, òun fúnra rẹ̀ sì wà nídìí fèrèsé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó pe iṣẹ́ náà ní Cabinet d'un peintre, ìyẹn yàrá iṣẹ́ ayàwòrán lédè Faransé, ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sísàlẹ̀ pé òun ló ṣe é fún. Ọdún 1773 ló tó gẹṣin lọ bá a ní Danzig.

Irú àwòrán báyìí, tí wọ́n ń fín sórí páànù bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kì í ti orí bàbà bẹ̀rẹ̀. Ta ló lè ní kí ọmọdé jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí mẹ́ta? Pẹ́ńsù ni ayàwòrán fi ń já wọn gbà, ẹnì kan lónìí bó ṣe tẹrí ba sórí ìwé, òmíràn lọ́la bó ṣe fọwọ́ lẹ́rán. Ẹ̀yìn náà ni yóò wá kó gbogbo wọn jọ sórí bébà kan. Tara rẹ̀ ló le jù; àfi kó wá dígí.

Páànù bàbà tí wọ́n ti dán ló kàn. Wọ́n á yọ́ ìda oyin tí wọ́n lú mọ́ oje igi sí i lára, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á wá fi èéfín àbẹ́là kùn ún títí yóò fi dú. Ìdí tí wọ́n fi ń mú un dú ni pé ibikíbi tí abẹ́rẹ́ bá ti ha ìda náà kúrò, bàbà á máa tàn yanran níbẹ̀, ayàwòrán á sì rí ohun tó ń ṣe. Abẹ́rẹ́ ò gbọ́dọ̀ gbẹ́ bàbà o. Ìda nìkan ló ń ṣí.

Ásíìdì ló ń gbẹ́ ẹ. Bí páànù bá ti wọnú rẹ̀, ìfóófòó wẹ́wẹ́ á máa hù lójú ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa fi ìyẹ́ ẹyẹ gbá a kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlà á rí jákujàku. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bọ́ sójú èèyàn kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀: wọ́n á yọ páànù, wọ́n á fi fáníìṣì bo ibẹ̀, wọ́n á tún dá a padà. Abẹ́ tábìlì, tó yẹ kó ṣókùnkùn, ló máa ń pẹ́ jù. Èmi rò pé ibí gan-an ni a ti ń mọ ọ̀gá, torí kò sí ẹni tó lè fi rọ́bà pa ohun tí ásíìdì bá ti jẹ.

Tó bá kúrò níbẹ̀, wọ́n á nu ìda dànù, wọ́n á fi tàdáwà ra gbogbo ojú páànù, wọ́n á sì nù ún títí yóò fi ku èyí tó wà nínú ihò ìlà. Wọ́n á tẹ́ bébà tútù lé e, ẹ̀rọ olórólà á tẹ̀ ẹ́ pinpin. Gbogbo rẹ̀ á wá yí padà, ọ̀tún á di òsì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà sẹ́yìn sórí bàbà. Bí ẹ bá rí àwòrán àtijọ́ tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ń fi òsì ránṣọ, ẹ mọ̀ pé ẹni tó yà á gbàgbé.

Páànù kan lè tẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀dà, ọ̀kan fún ìyá ní Danzig, ìyókù fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n bàbà rọ̀. Títẹ̀ àti nínù á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ọmọdé ló sì kọ́kọ́ máa ń pa rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀dà àtijọ́, ojú àwọn ọmọ ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó wo ibòmíràn.