Gáàsì Kọ́ Ló Ń Fẹ́ Atẹ́gùn Nínú AC Ọkọ̀

Bí AC ọkọ̀ bá ti kọ̀ tí kò fẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ti dájọ́ kí wọ́n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: "Gáàsì ti tán nínú ẹ̀." Ẹni tó jókòó sẹ́yìn á sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n pè lórí fóònù á sọ bẹ́ẹ̀, àwọn mẹkáníìkì kan náà ò sì ní janpata, wọ́n á ti máa fa rọ́bà gáàsì bọ̀. Wọ́n á rọ gáàsì sí i, wọ́n á gbowó, ọkọ̀ á sì tún gbé onítọ̀hún padà sílé nínú ooru tó bá a débẹ̀. Ohun tí wọ́n tọ́jú kọ́ ló ń ṣàìsàn.

Iṣẹ́ méjì ni AC ọkọ̀ ń ṣe. Ọ̀kan ni pé kó fẹ́ atẹ́gùn jáde lójú àwọn ihò ara dáṣíbọ́ọ̀dù. Èkejì ni pé kí atẹ́gùn náà tutù. Ti èkejì yìí nìkan ni gáàsì wà fún. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ló máa fún gáàsì pọ̀. Gáàsì á gbóná, á lọ tú ooru rẹ̀ dà sí afẹ́fẹ́ ìta níbi kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀, á di olómi, á gba ihò tóóró kan kọjá, á sì tutù nini bó ṣe ń wọnú àwọn páìpù wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ń pè ní evaporator. Láti ibẹ̀, ó tún padà sọ́dọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Kì í jáde wá fẹ́ sí ẹnikẹ́ni lójú. Bó bá ń jáde, ó ti ń jò nìyẹn.

Fáànù kékeré kan ló ń fẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, lókè ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Iná bátìrì ló ń lò, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú gáàsì. Kódà kí gáàsì tán pátápátá, kó má ku ẹyọ kan, ẹ yí fáànù síbi tó ga jù, á fẹ́ débi tí ìwé orí dáṣíbọ́ọ̀dù á fò. Ó kàn jẹ́ pé atẹ́gùn tó gbóná ni yóò jẹ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó pe gáàsì lẹ́jọ́, ó yẹ kó mọ̀ bóyá ọkọ̀ òun ò fẹ́ ni àbí kò tutù. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ nìyí: ẹ ṣíná ọkọ̀, ẹ má tẹ bọ́tìnì AC rárá, ẹ yí ibi tí wọ́n ti ń yan ooru àti òtútù sí apá pupa, kí ẹ wá gbé fáànù dé òpin. Fáànù kan náà ló ń fẹ́ tooru tòtútù. Bí kò bá sí atẹ́gùn kankan síbẹ̀, gáàsì ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdánwò yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu bí ó ṣe ṣọ̀wọ́n tó kí ẹnì kan tó ṣe é.

Ohun kan wà tó ń tan àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, àṣẹ tó ń jí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa ń gba ara súwíìsì fáànù kọjá. Bí súwíìsì yẹn bá wà ní òdo, ẹ ò báà tẹ bọ́tìnì AC títí ọwọ́ á fi bó, kò ní dáhùn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí evaporator má baà di yìnyín nígbà tí afẹ́fẹ́ kankan ò gba ara rẹ̀ kọjá. Bí súwíìsì náà bá wá bàjẹ́, fáànù ò ní fẹ́, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà ò sì ní mú. Mẹkáníìkì tó bá dúró síwájú ẹ́ńjìnnì nìkan á rí i pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ò yí, á ní gáàsì ló lọ sílẹ̀. Ẹ má dá a lẹ́bi jù, torí gáàsì tó bá lọ sílẹ̀ jù náà kì í jẹ́ kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mú: súwíìsì tó ń ṣọ́ agbára gáàsì nínú páìpù á gé iná rẹ̀. Àmì kan náà, àrùn méjì. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀, tó gbé ọwọ́ sójú ihò, ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ó dáa, bí fáànù ò bá wá fẹ́, kí ló ṣe é?

Èyí tí mo fẹ́ràn láti kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ṣé kò fẹ́ rárá ni, àbí ó ń fẹ́ ní ibì kan? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní ipele mẹ́rin. Bí ipele 1, 2 àti 3 bá kú tí 4 sì ń hó bí ó ti yẹ, ọ̀rọ̀ ti tán, resistor fáànù ló jó. Iṣẹ́ resistor ni láti dín iná kù kí fáànù lè rọra yí. Ní ipele tó ga jù, iná kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, tààrà ló ń lọ bá fáànù. Ìdí nìyẹn tí ipele yẹn fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ti kú.

Tí ẹ bá tú u jáde, ẹ ó rí i pé kékeré ni: púlọ́ọ̀gì ní ẹ̀yìn, wáyà lílọ́ mélòó kan tàbí pálí pẹlẹbẹ kan ní iwájú. Ẹ wo wáyà lílọ́ yẹn dáadáa, ẹ lè rí ibi tó já. Lẹ́yìn náà, ẹ yí púlọ́ọ̀gì tó wọ inú rẹ̀ padà, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ike rẹ̀ bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tó ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kan, ẹ ra púlọ́ọ̀gì tuntun mọ́ resistor, torí bí ẹ bá fi resistor tuntun sínú púlọ́ọ̀gì tó ti jó, yóò tún jó. Ìbéèrè kan ṣì kù tí àwọn èèyàn kì í bèèrè: kí ló jó o? Inú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi resistor sí, kí atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ lè máa tù ú. Bí fílítà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú afẹ́fẹ́ yìí bá dí, atẹ́gùn ò ní tó o, á gbóná jù. Bí fáànù fúnra rẹ̀ bá ti ń darúgbó, tó ń yí tipátipá, iná tó ń fà á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, resistor ló sì máa jìyà rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ń yan ipele fúnra wọn, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń darí iná ló rọ́pò resistor yìí, èyíinì sì lè kú kí gbogbo ipele kú pọ̀.

Bí gbogbo ipele bá dákẹ́, fíúùsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Àwòrán tó wà lára ìdérí àpótí fíúùsì á fi ti fáànù hàn yín, ó sábà máa ń jẹ́ 30 tàbí 40 amp. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ tó tún jó lójú ẹsẹ̀, ẹ fi fíúùsì sílẹ̀, nǹkan mìíràn ló ń jó o. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ fi èyí tó nípọn sí i, tàbí kí ẹ fi wáyà so ó, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Iná tó yẹ kó já fíúùsì, wáyà inú dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa jó dípò rẹ̀. Relay náà, ìyẹn súwíìsì kékeré tí iná ń tàn tó sì ń pa fúnra rẹ̀, wà níbẹ̀: bí ẹ bá rí òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a dọ́gba nínú àpótí kan náà, ẹ fi wọ́n pààrọ̀ ara wọn, ẹ ó mọ̀.

Fáànù pàápàá lè ti kú. Ẹ yí súwíìsì rẹ̀ sókè, kí ẹ fi èkù screwdriver kan ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá ta gìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bírọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, èédú kékeré tó ń gbé iná wọlé, ló ti jẹ tán. Ẹ má yọ̀, ọ̀la tàbí ọ̀tunla ni yóò tún sùn. Ẹ̀rí tó dájú jù ni kí rẹwáyà fi tẹ́sítà sí púlọ́ọ̀gì fáànù: bí iná tó tó 12 volt bá ń dé ibẹ̀, tí wáyà ilẹ̀ náà sì dára, tí fáànù ò yí, fáànù ló bàjẹ́. Bí iná ò bá dé, ẹ padà sẹ́yìn sí fíúùsì, relay, resistor àti súwíìsì. Kí ó ṣọ́ra fún wáyà tí wọ́n fi nǹkan aláwọ̀ ìyeyè bò ní àyíká yẹn, ti àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi tẹ́sítà tọ́.

Ìgbà mìíràn, fáànù ń pariwo ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń jáde ò tó nǹkan. Fílítà inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ wò níbẹ̀, èyí tó sábà máa ń wà lẹ́yìn àpótí tó wà níwájú èrò iwájú. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ àwọn ní i. Nǹkan bí 15,000 sí 25,000 kìlómítà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti rí èyí tí ewé gbígbẹ àti ìdọ̀tí eku kún dẹ́múdẹ́mú, ẹni tó ni ọkọ̀ sì ti rọ gáàsì sí i kó tó débẹ̀. Bó bá jẹ́ pé atẹ́gùn ń jáde lẹ́sẹ̀ tàbí lójú gíláàsì iwájú, ṣùgbọ́n tí kò jáde lójú ẹni, tí nǹkan sì ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn kékeré tó ń darí atẹ́gùn ló há.

Ibì kan ṣoṣo wà tí gáàsì ti lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ atẹ́gùn, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró. AC á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á tutù, lẹ́yìn nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, atẹ́gùn á máa dín kù, bẹ́ẹ̀ fáànù ò yé hó. Ara evaporator ló ti di yìnyín, afẹ́fẹ́ ò rí àyè kọjá mọ́. Gáàsì tó dín díẹ̀ lè fa èyí, torí bí agbára rẹ̀ nínú páìpù bá rọ̀, òtútù ibẹ̀ á lọ sílẹ̀ ju 0°C lọ, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dì mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n fílítà tó dí lè fà á, ohun tó ń wọn òtútù evaporator náà lè bàjẹ́ kó máa jẹ́ kí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yí láìdánudúró. Ẹ pa bọ́tìnì AC, ẹ jẹ́ kí fáànù máa yí. Bí omi bá ń kán lábẹ́ ọkọ̀ tí atẹ́gùn sì padà díẹ̀díẹ̀, yìnyín ni.

Ọ̀rọ̀ "tán" yẹn gan-an ò tiẹ̀ bá gáàsì AC mu. Ọkọ̀ kì í jó o bó ṣe ń jó epo. Inú páìpù tó dí pa ló ń yípo, gráàmù kan náà tó wọlé ló yẹ kó ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá dín, ó jò, ì báà jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lára rọ́bà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwọ̀n rẹ̀ wà lára ìwé pélébé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, gráàmù mélòó kan lọ́gọ́rùn-ún lọ́gọ́rùn-ún nínú ọkọ̀ kékeré, pẹ̀lú irú gáàsì tí ọkọ̀ náà ń lò. R-12 ni ti àtijọ́, èyí tí wọ́n fòpin sí lẹ́yìn àdéhùn Montreal tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 1987 torí ó ń ba ozone ojú ọ̀run jẹ́, ìbòrí tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. R-134a gba ipò rẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, R-1234yf sì ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun. A kì í dà wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ń rọ ọ́ sórí èyí tó wà níbẹ̀ láìwọ̀n ún lè mú kó pọ̀ jù. Gáàsì tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí AC tutù dáadáa, ó sì ń pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Báyìí ni ẹni tí fáànù rẹ̀ nìkan bàjẹ́ ṣe ń di ẹni tó ń wá owó kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ, ẹ má kàn sọ pé "AC ò ṣiṣẹ́." Ẹ sọ pé: "Ọ̀gá, kò fẹ́ rárá, ooru náà ò fẹ́, ipele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dákẹ́." Rẹwáyà lẹ ó sọ ọ́ fún, kì í ṣe ẹni tó ń rọ gáàsì. Bó bá tún jẹ́ pé rọ́bà gáàsì ló nawọ́ mú, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ́kọ́ wò ó bóyá iná ń dé púlọ́ọ̀gì fáànù."