Wọn ò nílò wáráǹtì kí wọ́n tó tú mọ́tò yín l'Ámẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o. Ìgbàkígbà táwọn èèyàn wa l'Ámẹ́ríkà bá ti ń sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ẹnì kan á ṣáà sọ pé "wọn ò lè tú mọ́tò ẹ láìní wáráǹtì, ó wà nínú constitution." Wáráǹtì nìwé àṣẹ tí adájọ́ máa ń fún ọlọ́pàá kó tó tú nǹkan. Fourth Amendment, ìyẹn ibi tí constitution ti ní kí wọ́n má ṣe tú èèyàn tàbí ẹrù ẹ̀ láìnídìí, wà lóòótọ́, ta ni ò mọ̀yẹn? Àmọ́ ilé yàtọ̀ sí mọ́tò.

Lọ́dún 1921, nígbà tí wọ́n fòfin de ọtí, àwọn agbófinró dá George Carroll dúró lójú títì tó wà láàárín Detroit àti Grand Rapids. Wọ́n ti ṣe bí oníbàárà tẹ́lẹ̀, wọ́n bá a dúnàádúrà ọtí, torí náà wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n fa àga mọ́tò ya, ìgò ọtí 68 ló wà nínú ẹ̀, wáráǹtì kankan ò sí lọ́wọ́ wọn. Ẹjọ́ dé Supreme Court, lọ́dún 1925 wọ́n ní kò burú, torí mọ́tò lẹ́sẹ̀, kí èèyàn tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́ kó padà ó ti lọ. Probable cause ni wọ́n ní kó wà, ìyẹn nǹkan gidi tó jẹ́ kí ọlọ́pàá gbà pé ẹrù òfin wà níbẹ̀, kì í kàn ṣe pé ojú yín ò wù ú. Ìdájọ́ yẹn ò tíì yẹ̀ títí dòní, ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ ṣì ń pariwo wáráǹtì.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé wọ́n lè ṣe bó ṣe wù wọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì eré sísá lásán ò tó láti fi tú mọ́tò. Lọ́dún 2015 kóòtù ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá yín dúró lásán de ajá ọlọ́pàá tó ń gbóòórùn oògùn olóró tí wọ́n bá ti parí ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Fóònù ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló ń fẹ́ wáráǹtì, látọdún 2014.

Ibi tó ń dùn mí jù ni pé àwa fúnra wa la máa ń gbà fún wọn. "Ṣé mo lè wo inú búùtù?" "Ah, no problem, officer," pẹ̀lú ẹ̀rín, torí wọ́n ti kọ́ wa ká má ṣe ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó parí nìyẹn, kò tún nílò probable cause mọ́, bẹ́ẹ̀ kóòtù ti sọ látọdún 1973 pé kò pọn dandan kí wọ́n sọ fún yín pé ẹ lè kọ̀.

Ìpínlẹ̀ yàtọ̀ síra wọn ṣá o, àwọn míì ti ní òórùn igbó (marijuana) nìkan ò tó mọ́, torí náà mi ò ní búra lórí ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé. Ẹ gbọ́wọ́ lé sítíárìn, ẹ fi sùúrù sọ pé ẹ ò gbà, ẹ má bá a ṣàríyànjiyàn, tó bá ṣì tú u, ẹ jẹ́ kó tú u, kẹ́ ẹ wá lọ́yà.