Ṣé dò-re-mí inú ìwé Yorùbá náà ni dò-re-mí orin? Ìdáhùn fún tíṣà tó fẹ́ fi ẹnu lásán kọ́ ọmọdé lórin

Ọ̀pọ̀ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílùú Ìbàdàn ni wọ́n gbé iṣẹ́ orin lé lọ́wọ́ láìsí dùùrù, láìsí gìtá, àfi ohùn ara wọn. Àwọn ìbéèrè tó máa ń ti ẹnu wọn jáde ni mo dáhùn níbí.

Ìbéèrè: Dò-re-mí ni mo fi ń kọ́ wọn ní àmì ohùn. Tó bá di àsìkò orin, dò-re-mí náà ni. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n ni? Àwọn ọmọ ń bi mí.

Rárá o, orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́. Nínú èdè, dò-re-mí kò ju ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè lọ. Kò sẹ́ni tó wọn bí òkè ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìsàlẹ̀ tó. Obìnrin olóhùn tín-ín-rín lè pe "Ìbàdàn", dò dò dò, kí dò tirẹ̀ ga ju mí tí ọkọ rẹ̀ fi pe "Bọ́lá" lọ, àwa tí à ń gbọ́ wọn kò sì ní ṣi àwọn méjèèjì gbọ́. Tí gbólóhùn bá gùn, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tún sábà máa ń rọ̀ wálẹ̀ bó ṣe ń lọ, tí mí tó kẹ́yìn kò fi ní ga tó mí tó ṣíwájú.

Ti orin dà bí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: dò, re, mí, fa, so, la, ti, títí dé dò mìíràn lókè. Ibi tó bá wù yín lẹ lè gbé dò kà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbé e kalẹ̀ tán, gbogbo ìgbésẹ̀ yòókù ti ní ìwọ̀n. Láti dò sí re àti láti re sí mí gùn dọ́gba. Láti mí sí fa jẹ́ ìdajì irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni láti ti sí dò òkè. Ẹ ò rí i pé dò kan tún wà lókè tó ga ju mí lọ fíìfíì? Ibẹ̀ gan-an lọmọ ti máa ń dàrú, nítorí wọ́n ti sọ fún un nínú kíláàsì Yorùbá pé ìsàlẹ̀ ni dò wà.

Èrò tèmi ni pé fún àwọn kíláàsì kékeré, kí ẹ máa pe ti èdè ní ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, kí ẹ fi dò-re-mí sílẹ̀ fún orin. Bí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, ẹ wá fi méjèèjì hàn wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ tí kì í ṣi ohùn ọ̀rọ̀ pè, kí ló dé tó fi ń ṣi orin kọ?

Tó bá ń sọ̀rọ̀, kó ṣáà ti mọ̀ bóyá ohùn ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ ti tó. Orin ní tirẹ̀ fẹ́ ojú ibẹ̀ gan-an. Etí ọmọ náà kò ní àrùn kankan, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé e sẹ́yìn kíláàsì pé kó máa mi ẹnu lásán.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí tíṣà ti dá orin. Bí ọkùnrin bá fi ohùn ara rẹ̀ dá a, ọmọdé kò ní ohùn tó lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, á wá máa kùn. Ibi tó rọ ọ̀pọ̀ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́rùn ni láti ohùn tí wọ́n ń fi lẹ́tà pè ní D lórí dùùrù, èyí tó wà lókè C àárín, títí dé A tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí dùùrù, dùùrù orí fóònù tó. Tàbí kí ẹ wá ọmọ kan tó mọ orin í kọ, kí ó máa bá yín dá a: ohùn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n tètè ń bá mu.

Ohun kejì ni ariwo. Kíláàsì kún fọ́fọ́, tíṣà á ní "Mi ò gbọ́ yín o!", ni gbogbo wọn bá figbe bọnu. Ẹni tó ń pariwo kò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀, áńbọ̀sì ti ẹnìkejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ìlà kan máa dákẹ́ gbọ́ ìlà kejì.

Ìbéèrè: Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Níbi ìwé orúkọ tẹ́ ẹ ń pè láràárọ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn lórin, ohùn méjì péré, so àti mí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Táíwò ní òkè, òkè, ìsàlẹ̀, torí náà ẹ kọ ọ́ ní so so mí. Kẹ́hìndé á jẹ́ so mí so. Àlàbá á jẹ́ mí mí so. Kí ọmọ náà dáhùn, "Mo wà", so mí. Kó tó di pé ẹ pa ìwé náà dé, ọmọ kọ̀ọ̀kan ti dá orin kọ, ẹ ti gbọ́ ẹni tó ń bá ohùn mu àti ẹni tó ṣì ń wá a, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni.

Láti so bọ́ sí mí wà lára ohun tó rọrùn jù fún ọmọdé láti kọ. Ní Hungary, níbi tí olórin Zoltán Kodály (1882–1967) ti tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé kí wọ́n fi ohùn ọmọ àti orin ìbílẹ̀ wọn kọ́ wọn, so àti mí yìí ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ń lo àmì ọwọ́ tí John Curwen, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé jáde ṣáájú: ìkúùkù ni dò, àtẹ́lẹwọ́ tó dojú délẹ̀ ni mí, èyí tó kọjú sí àyà ẹni ni so. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìbéèrè: Orin Yorùbá ni kí n kọ́ wọn ni àbí ti Gẹ̀ẹ́sì? Àwọn òbí fẹ́ràn ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ti Yorùbá ni kó ṣáájú, mo sì dúró lórí èyí gbọn-in. Ọ̀pọ̀ orin wa àtijọ́ dúró lórí ohùn márùn-ún, dò, re, mí, so, la. Fa àti ti tó máa ń yọ ọmọ lẹ́nu kò sí níbẹ̀. Lílé àti gbígbè sì ti mọ́ wọn lára láti ilé: tíṣà lé, kíláàsì gbè. Bí etí wọn bá ti dúró, orin Gẹ̀ẹ́sì wúlò gan-an láti fi mú fa àti ti wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n kàn dì mọ́ orin àjèjì. Ká ní orin kíláàsì sọ pé, "Ọkọ̀ wa ti dé, ó ń lọ Dùgbẹ̀." Bí ohùn orin kò bá sọ̀ kalẹ̀ lórí "kọ̀", "ọkọ wa ti dé" ni gbogbo kíláàsì máa gbọ́, ẹ̀rín á sì pa wọ́n. Ìṣòro yìí ti bá orin ìjọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wà lára àwọn tó fi èdè wa ṣe orin, ó sì gba díẹ̀ sórí àwo ní London ní 1922. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì l'Ékòó, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Tẹ́ ẹ bá ń hun orin tuntun fún kíláàsì yín, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ketekete, kí ẹ tẹ̀ lé ibi tí ohùn bá gbà.

Ìbéèrè: Ìlù ńkọ́?

Àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ tó. Kí ìlà kan máa tẹlẹ̀, kí èkejì máa pàtẹ́wọ́ bí agogo, kí àwọn yòókù máa kọrin.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n kọ orin sójú pátákó?

Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti lè kọ ọ́ dáadáa. Ohun tẹ́nu wọn ti mọ̀ ni kí ojú wọn wá rí. Lẹ́tà tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń lò náà ni: d, r, m, f, s, l, t, àmì kólọ́ọ̀nù (:) láàárín ìlù (bíìtì) kan àti òmíràn, ìlà kékeré fún ohùn tí wọ́n bá fà gùn. Táíwò á wá jẹ́ s : s : m. Dò òkè tó ń da ọmọ rú yẹn, ìlà tín-ín-rín kan ni wọ́n máa ń fà sí èjìká rẹ̀, báyìí: d'. Ẹ fi hàn wọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sójú pátákó, kí ẹ sì kọ dò méjèèjì tẹ̀ léra kí wọ́n fi etí gbọ́ ọ.