Ẹni tó fẹ́ fọn, báwo ló ṣe yẹ kó jẹun tó? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí kálórì 800

NHS, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fún àwọn kan tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ní oúnjẹ tí kò ju kálórì 800 sí 900 lọ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìròyìn sì ti tàn kálẹ̀ pé ṣúgà àwọn kan nínú wọn padà sípò láìlo oògùn. NHS yìí kan náà ló ń sọ fún obìnrin tó fẹ́ fọn pé kó jẹ 1,400 lójúmọ́, kí ọkùnrin jẹ 1,900. Èwo ni ká mú? Àwọn kan kò tilẹ̀ dúró béèrè, wọ́n ti ń jẹun lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ èyí.

Kí ni kálórì?

Ìwọ̀n agbára tó wà nínú oúnjẹ ni, bí lítà ṣe jẹ́ ìwọ̀n epo mọ́tò.

Ṣé òótọ́ ni pé kálórì 800 ń lé àtọ̀gbẹ lọ?

Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ bí ìròyìn náà ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu ló ń gé kúrú. Ìwádìí tó bí ètò yìí ni wọ́n ń pè ní DiRECT. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roy Taylor ti Yunifásítì Newcastle àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Mike Lean ti Glasgow ló darí rẹ̀, ní Scotland àti agbègbè Tyneside, àbájáde ọdún àkọ́kọ́ sì jáde ní December 2017. Èèyàn 306 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń bá ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Apá kejì ń jẹ nǹkan bíi kálórì 825 sí 853 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Nígbà tí ọdún yípo, 46 nínú 100 lára àwọn tó jẹ oúnjẹ náà ni ṣúgà wọn ti wà níwọ̀n láìlo oògùn. Lára àwọn yòókù, 4 péré ni. Lára àwọn tó fọn tó kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 86 nínú 100 ló bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Ọ̀rá tó ti kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú ẹ̀yà ara tó ń pèsè ínsúlíìnì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ló yọ́, tí ara fi tún rójú ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn sí èsì yẹn, torí ọ̀pọ̀ ti gbà pé àtọ̀gbẹ kì í padà sẹ́yìn láé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yí 800 náà ká. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Àtọ̀gbẹ wọn kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gan-an ni dókítà dá oògùn ṣúgà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dúró, nítorí pé oúnjẹ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oògùn yẹn lè mú ṣúgà tàbí ìfúnpá já wálẹ̀ lójijì. Oúnjẹ náà kì í ṣe oúnjẹ ilé tí wọ́n gé kù. Ọbẹ̀ àti ohun mímu tí wọ́n pò láti inú ìyẹ̀fun ni, tí wọ́n ti wọn purotéènì, fítámì àti èròjà irin sínú rẹ̀ kó lè tó ara. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́jọ dá oúnjẹ gidi padà díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ oúnjẹ sì ń bójú tó wọn títí di ọdún kejì. Pẹ̀lú gbogbo àmójútó yẹn, nígbà tí ọdún kejì pé, 46 ti di 36.

Ẹni tó mu ògì lásán láàárọ̀, tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì lálẹ́, lè má jẹ tó 800 lóòótọ́. Kò rí purotéènì jẹ, kò rí irin, kò sì sí ẹni tó ń yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò. Ebi ló ń pa á. Ẹ má ṣe pè é ní ìtọ́jú.

Mo ń gbé ní London. Ṣé mo lè wọ inú ètò náà?

Ọ̀dọ̀ dókítà yín ni kí ẹ ti béèrè. Ó wà fún ẹni ọdún 18 sí 65 tí wọ́n rí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì lára rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú kò mọ̀ ni pé BMI, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi kílò èèyàn wé gíga rẹ̀, tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa kò tó ti òyìnbó: 27 ni tiwọn, 25 ni tiwa, nítorí pé àtọ̀gbẹ máa ń tètè mú wa kí ara wa tó tóbi tó tiwọn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ BMI yín, ẹ ṣe gíga yín ní mítà lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ wá fi pín kílò yín.

Èmi kò ní àtọ̀gbẹ, mo kàn fẹ́ fọn ni. Kálórì mélòó ló tọ́ sí mi?

Ó dá lórí bí ẹ ṣe tóbi tó, ọjọ́ orí yín, àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1990, tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ṣì ń lò títí dòní. Ẹ fi 10 sọ kílò yín di púpọ̀. Ẹ fi 6.25 sọ gíga yín, ní sẹ̀ǹtímítà, di púpọ̀, kí ẹ ro ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ yọ ọjọ́ orí yín lọ́nà márùn-ún kúrò. Obìnrin á tún yọ 161, ọkùnrin á fi 5 kún un.

Ká mú obìnrin ọlọ́jà kan, ẹni ọdún 38, kílò 85, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 163. Tí ẹ bá ṣe é, á fún yín ní nǹkan bíi 1,518. Iye tí ara rẹ̀ ń ná nìyẹn bó bá dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́: ọkàn ń lù, ẹ̀dọ̀fóró ń mí, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́, ara ń móoru. Kò tíì dìde lọ sọ́jà o. Níwọ̀n bó ti ń rìn díẹ̀, tó ń dúró, tó ń gbẹ́rù, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní 1.375, á di nǹkan bíi 2,090. Tó bá yọ 500 kúrò lójúmọ́, ó kù nǹkan bíi 1,600. Pẹ̀lú 1,600 yìí, á máa fọn ní nǹkan bí ìdajì kílò lọ́sẹ̀, á sì tún lókun tí yóò fi tọ́jú ilé. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni àwọn dókítà gbà pé ó dára.

Tí obìnrin yìí bá wá ń jẹ 800, ó fi díẹ̀ ju ìdajì ohun tí ara rẹ̀ ń ná lórí ìdùbúlẹ̀ nìkan lọ.

Ṣé 800 kò ní jẹ́ kí n tètè fọn ju 1,600 lọ?

Á tètè já lórí ìwọ̀n. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tó ń já. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rá ń lọ, ṣùgbọ́n ẹran ara, èyí tí ẹ fi ń gbẹ́rù tí ẹ fi ń gun àtẹ̀gùn, náà ń bá a lọ. Bí oúnjẹ bá ṣe kéré tó, tí purotéènì sì wọ́n nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ara tó ń lọ á ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí kílò náà bá sì padà, ọ̀rá ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tó ń padà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní 1944 sí 1945. Ogun ń ba Yúróòpù jẹ́, ebi ń pa àwọn èèyàn kú, àwọn dókítà kò sì mọ bí wọ́n ṣe máa bọ́ wọn padà. Dókítà Ancel Keys kó ọ̀dọ́kùnrin 36 tí ara wọn le jọ, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn dípò kí wọ́n lọ jagun. Ó fún wọn ní nǹkan bíi kálórì 1,570 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n sì ń rin nǹkan bíi kìlómítà 35 lọ́sẹ̀. Ìdá mẹ́rin ara wọn, ìdá kan lọ. Òtútù ń mú wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lílù ọkàn wọn falẹ̀. Inú ń bí wọn sódì, ìfẹ́ obìnrin kúrò lára wọn, oúnjẹ ni wọ́n ń rò tọ̀sán-tòru. Nígbà tí wọ́n tú oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, àwọn kan jẹ, wọ́n jẹ, wọn kò yó. 1,570 ni o! Ohun tí wọ́n kà sí ìyàn nínú ìwádìí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí àwọn kan ń jẹ báyìí láìsí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Wọ́n ní tí oúnjẹ bá kéré jù, ara á kọ̀, kò ní fọn mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Rárá. Ara tí kò rí oúnjẹ á máa fọn ṣáá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ agbára ná. Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà yẹ èèyàn 14 wò, àwọn tó díje nínú ètò tẹlifíṣọ̀n kan lórí ta ni yóò fọn jù. Wọ́n ti fọn tó kílò 58 ní ìpíndọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀ 30. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, 41 nínú kílò yẹn ti padà sí wọn lára, ara wọn sì ń ná nǹkan bíi kálórì 500 dín sí iye tó yẹ kí ara ẹni tó tóbi tó wọn máa ná lójúmọ́. 2016 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí náà, ẹ yéé bú ẹni tó fọn tó tún sanra padà pé ọ̀lẹ ni. Ara rẹ̀ ń bá a jà.

Ṣé kí n jáwọ́ nínú ẹ̀bà àti iyán?

Kò pọn dandan. Ẹ dín in kù ni. Gàrí gíráàmù 100, kí a tó tẹ̀ ẹ́, ní nǹkan bíi kálórì 350. Ẹni tó fi gíráàmù 200 tẹ ẹ̀bà ti jẹ 700 kó tó kan ọbẹ̀. Ọbẹ̀ gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ, torí ṣíbí ńlá kan epo pupa tàbí òróró tó 120. Ṣíbí márùn-ún nínú àwo ẹ̀fọ́ ẹnì kan ti di 600, ojú kò sì rí i. Ìgò mínírà 50cl kan ní nǹkan bíi 210, kì í sì í yóni. Ẹ̀pà gíráàmù 100 ju 550 lọ.

Tí èmi bá máa gé nǹkan, mínírà ni màá kọ́kọ́ gé, epo á tẹ̀ lé e, òkèlè á wá ṣe ìkẹta. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, ẹran tí kò lọ́ràá, ẹ̀fọ́ tí wọn kò fi epo rì: mi ò ní gé ìyẹn rárá. Ẹyin kan kò ju nǹkan bíi 75 lọ, ó sì ní purotéènì gíráàmù mẹ́fà. Ẹ̀wà ń pẹ́ nínú, ó sì ń jẹ́ kéèyàn lè yàgbẹ́ geere. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe òdì kejì: a ó jẹ òkèlè ńlá tán, a ó wá pín ẹja kékeré kan sí ọ̀nà mẹ́rin.

Ààwẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tí ara rẹ̀ le lè gbà á, bó bá ń jẹun tó nígbà tó bá ṣínu. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀ tó ju dídín oúnjẹ kù lásán lọ.

Ta ni kò gbọdọ̀ dán oúnjẹ kékeré wò láìrí dókítà?

Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti ń rù, ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín tàbí ọkàn, àti ẹni tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti dà lọ́kàn rú rí. Àwọn tí ẹ̀rù wọn ń bà mí jù ni àwọn tó ń lo ínsúlíìnì tàbí oògùn ṣúgà bíi glibenclamide àti glimepiride. Tí ẹ bá lo oògùn yẹn láìjẹun tó, ṣúgà lè já débi tí ẹ ó fi dákú. Òógùn tó ń bò yín, ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àyà tó ń já, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara lẹ́nu: àmì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mu omi ṣúgà tàbí mínírà tó ní ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ jẹun tẹ̀ lé e, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé mo ti gé oúnjẹ jù?

Òtútù ń mú yín níbi tí kò mú ẹlòmíì. Òòyì ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde. Nǹkan oṣù dáwọ́ dúró tàbí ó ń ṣe ségesège. Oorun kò wá. Irun lè bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́yìn bí oṣù méjì sí mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń di ẹ̀bi ru ìpara tàbí aláṣerun. Ẹni tó bá ń fọn ju kílò kan ààbọ̀ lọ lọ́sẹ̀ tún lè tètè ní òkúta nínú àpò òróòro. Tí inú bá ń dùn yín gan-an lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, ẹ má sọ pé ọgbẹ́ inú lásán ni. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Tíì tó ń múni fọn ńkọ́?

Ẹ má mu ún. Ewé tó ń múni yàgbẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, omi ara ni wọ́n sì ń lé jáde, wọn kò kan ọ̀rá. Wọ́n tún ti rí sibutramine nínú àwọn kan, láìkọ ọ́ sára páálí: oògùn tí wọ́n dá dúró ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 2010 torí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Mo ń jẹ 1,600, mo ti fọn díẹ̀, àmọ́ ìwọ̀n wá dúró sójú kan. Ṣé kí n tún gé e?

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ná. Omi ara ń lọ, ó ń bọ̀, pàápàá fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti súnmọ́. Ẹ máa wọn ara yín lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì fi téèpù wọn ìbàdí. Bí ìbàdí bá ń dín kù, ọ̀rá ń lọ, ohunkóhun tí ìwọ̀n ìbáà sọ.

Bí méjèèjì bá dúró, ẹ tún ìṣirò ṣe. Obìnrin ọlọ́jà yẹn, tó bá ti di kílò 75, ara rẹ̀ ń ná nǹkan bíi 140 dín sí ti tẹ́lẹ̀ lójúmọ́. Ṣíbí epo kan lójúmọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ẹ yọ ìyẹn, kí ẹ fi ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un, kí ẹ máa dìde kí ẹ máa jókòó lórí àga nígbà mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ẹran itan má bàa lọ. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sí 1,200 láìjẹ́ pé dókítà tàbí onímọ̀ oúnjẹ bá yín ṣe é.